Bí Mo Ṣe Ń Yẹ Ẹjọ́ Ìjọba Wò Lórí Ọ̀rọ̀ Kòrónà: Èyí Tó Ṣeé Foríjì àti Èyí Tí Kò Ṣeé Foríjì

Aláró ni mí. Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni mo ń gbé, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tó jẹ́ pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: aláró, aláta, télọ̀, ẹlẹ́kọ. Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ọdún Kòrónà bá yọ lẹ́nu ẹnìkan nínú ìpàdé, ìpàdé parí nìyẹn. Àwọn kan á ní kí Ọlọ́run foríji gbogbo wọn, pé ọ̀ràn tó dé bá gbogbo ayé ni. Àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ èpè. Ọ̀rọ̀ gbèsè tí a torí ẹ̀ pàdé á wá di ọ̀la. Èmi ò sí lẹ́yìn ìhà kankan nínú méjèèjì. Ẹni tó ní òun foríji gbogbo ènìyàn láì yẹ ọ̀rọ̀ wò, kò foríji ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ náà ló kàn sú u.

Ọ̀nà tí mo ń gbà yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Ìwé kan àti bírò kan ló gbà, àti sùúrù díẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má kọ “ìjọba” sórí ìwé yẹn. Ìjọba tóbi jù, kò sẹ́ni tó lè mú un. Ẹ kọ ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe, ẹni tó pàṣẹ ẹ̀, àti ọjọ́ tó pàṣẹ. Ààrẹ Muhammadu Buhari ló ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa láti aago mọ́kànlá alẹ́ 30 oṣù kẹta 2020. Ọ̀ṣun kò sí nínú àṣẹ yẹn. Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá ló kéde kónílé-ó-gbélé tiwa ní òpin oṣù kan náà. NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, tí Chikwe Ihekweazu ń darí nígbà náà, ló ń gbé iye aláìsàn jáde lálaalẹ́. Àwọn tó sì dáwó ra ìrẹsì tí wọ́n kọ CACOVID sí lára, báńkì àti àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ni, kì í ṣe ìjọba; ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n kó o fún pé kó pín in. Tí ẹ bá da gbogbo wọn pọ̀, ẹni tó sùn sẹ́nu iṣẹ́ á fara pamọ́ sẹ́yìn ẹni tó ṣiṣẹ́, ẹni tó ṣiṣẹ́ á sì gba èpè tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi ti ẹ̀yìnkùlé wa ṣàlàyé. Nígbà tí ọjà tì, aró tí a ti pò sínú ìkòkò ṣì wà níbẹ̀, aró kì í sì í dúró de ènìyàn. Tí ó bá pé, orí ẹ̀ máa ń dán bíi bàbà, omi abẹ́ ẹ̀ á máa ṣe bí àwọ̀ ewé. Tí a bá ti pa á tì, dídán yẹn á lọ, omi ẹ̀ á ṣú, aṣọ tí a bá rì bọ̀ ọ́ á kàn jáde ràkọ̀ràkọ̀. A dà á sí gọ́tà ni gbẹ̀yìn. Ó dùn mí, owó ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, mo rí i pé ọ̀ràn méjì ni mo ti so pọ̀. Àṣẹ pé kí ọjà tì, ọ̀ràn kan nìyẹn. Pé wọ́n ti ọjà láì ronú kan ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá tà lónìí ló máa jẹ lálẹ́, ọ̀ràn kejì nìyẹn. Ẹnìkan lè tọ̀nà nínú àkọ́kọ́ kó sì jẹbi nínú ìkejì. Ìwé méjì ni mo fi kọ ọ́, ìgbà náà ni orí mi tó wálẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fa ilà kan sí àárín ìwé. Ní apá òsì, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe nǹkan náà. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ ọjọ́ tí ayé mọ̀ pé kò dáa. Ibí yìí ni a ti máa ń ṣègbè jù, nítorí pé lẹ́yìn tí ọ̀ràn bá ti kọjá, gbogbo wa la máa ń di babaláwo.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìbòmú. Ní oṣù kẹta 2020, ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ń sọ ni pé ẹni tí ara rẹ̀ yá kò nílò ìbòmú àyàfi tó bá ń tọ́jú aláìsàn. Ní 28 oṣù yẹn, wọ́n tún kéde gbangba pé àrùn náà kì í bá afẹ́fẹ́ rìn. Ó di 5 oṣù kẹfà kí wọ́n tó yí ìmọ̀ràn wọn padà pé kí ará ìlú máa lo ìbòmú níbi tí èrò bá ti pọ̀. Nítorí náà, dókítà ìjọba tó ní kí ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí ìbòmú ní oṣù kẹta kò purọ́ fún yín. Ohun tí wọ́n sọ fún òun ló sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn tí wọ́n ń fín sí títì àti ọjà. Àárín oṣù karùn-ún ni WHO sọ pé fífín oògùn sí ìta gbangba kò ní pa àrùn náà, ó sì lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Ìpínlẹ̀ tó fín in ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ fojú fò ó. Èyí tó ṣì ń bu owó fún un lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ bèèrè ẹni tó gba iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí gbogbo ènìyàn sá sí abẹ́ “a kò mọ̀”. Àrùn náà ló jẹ́ tuntun, àjàkálẹ̀ àrùn kì í ṣe tuntun sí wa. 20 oṣù keje 2014 ni Patrick Sawyer gbé Ebola wọ Èkó. Ogún ènìyàn ló ní in, mẹ́jọ kú, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tó fàáké kọ́rí pé aláìsàn náà kò ní jáde nílé ìwòsàn, wà lára wọn. Nígbà tó fi máa di 20 oṣù kẹwàá, WHO ti kéde pé Ebola ti tán ní Nàìjíríà. Wọ́n wá gbogbo ẹni tí aláìsàn fara kàn kiri, wọ́n ń ṣọ́ wọn lójoojúmọ́, wọ́n ya àwọn tí ara wọn gbóná sọ́tọ̀. A ti ṣe é rí, ó sì ti jẹ́. Nítorí náà, aláṣẹ tó bá ní ní 2020 òun kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun tọpa àwọn tí aláìsàn pàdé, ẹ kọ 2014 sí apá ọ̀tún ìwé rẹ̀.

Ẹ kọ ohun tó dáa náà sílẹ̀, kódà bí inú bá ń bí yín. Mo mọ̀ pé ó ń le. Ní òpin oṣù kẹta 2020, àwọn ènìyàn wa 127 wọlé láti Ivory Coast. Èjìgbò ni wọ́n kó wọn sí, wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àárín wọn sì ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ ní Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò mọ̀ pé agbára káká ni ẹ máa fi rí agboolé tí kò lẹ́ni ní Àbíjàn. Ká ní wọ́n ti jẹ́ kí ẹni 127 yẹn tú ká sínú agboolé, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ lónìí. Ẹni tó ṣe ìyẹn, ó ṣe dáadáa, kí ẹ kọ ọ́ pé ó ṣe dáadáa, kí àwọn tí ẹ máa bá wí lẹ́yìn náà lè mọ̀ pé ẹ kò wá ìjà wá.

Ìmọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa. Ní Ẹdẹ níbí, ní ACEGID, ibùdó tí wọ́n ti ń ṣèwádìí àbùdá kòkòrò àrùn ní Yunifásítì Redeemer's, ni Christian Happi àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti kọ́kọ́ ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà ní gbogbo Áfíríkà, ní oṣù kẹta 2020, ọjọ́ díẹ̀ péré lẹ́yìn tí wọ́n rí aláìsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ará Ítálì kan, ní 27 oṣù kejì. Aláṣẹ tó bá fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ kò nílò àtiwọ ọkọ̀ òfurufú.

Ọjọ́ kẹta wà tí n kò tíì dárúkọ, òun ló wúwo jù lójú mi: ọjọ́ tí wọ́n yí padà. Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, kí ẹ sì ka ohun tó wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n mọ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n yí padà. Ní oṣù kẹta 2021, Angela Merkel ti Jámánì àti àwọn olórí ìpínlẹ̀ ibẹ̀ fẹnu kò pé kí gbogbo nǹkan tì pa nígbà ọdún Àjíǹde. Ariwo ta. Kò tó ọjọ́ méjì, ní 24 oṣù náà, obìnrin náà jáde, ó fagi lé e, ó ní àṣìṣe òun nìkan ni, ó sì tọrọ àforíjì. Kò ti ọmọọṣẹ́ kankan síwájú. Ó tán. Ẹ̀bi ọjọ́ méjì, kí ni èèyàn tún fẹ́ fi ṣe?

Ẹ wá wo Tàǹsáníà. Ìparí oṣù kẹrin 2020 ni ìjọba John Magufuli gbé iye aláìsàn jáde kẹ́yìn: 509 ló ní in, 21 ló kú. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa. Ó di ẹ̀yìn tí ó kú ní oṣù kẹta 2021, tí Samia Suluhu Hassan gorí àga, kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nílé níbí, Kano ni tiwa. Ní oṣù kẹrin 2020, àwọn agbẹ́lẹ̀-òkú ń sọ pé òkú ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ náà ní kì í ṣe Kòrónà, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ni. Oṣù kẹfà ni mínísítà ìlera, Osagie Ehanire, tó wá sọ pé nínú ènìyàn 979 tó kú ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ, ó ṣeé ṣe kí ìdá 50 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti Kòrónà. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn mọ̀lẹ́bí ń sìnkú wọn lọ. Ẹ rí i, wọ́n lè máà tíì mọ ohun tó ń pa ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀, “mi ò tíì mọ̀, ẹ ṣọ́ra” ló yẹ kó sọ. Wọ́n sọ pé kì í ṣe òun. Èmi ò lè foríji ìyẹn.

Ìbéèrè tó tẹ̀lé e kò gba àkókò: ẹni tó pàṣẹ, ṣé òun náà pa á mọ́? Boris Johnson ti ìlú Ọba san owó ìtanràn ní 2022 nítorí àpèjọ tí wọ́n ṣe ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2020, nígbà tí òfin tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lòdì sí i. Ní Àbújá, nígbà tí Abba Kyari tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ Ààrẹ kú ní 17 oṣù kẹrin 2020, gbogbo ayé rí èrò tó wọ́ lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, nínú ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ní kí ará ìlú má sún mọ́ra wọn. Bàbá tèmi náà nílò ìsìnkú, ẹ bi ẹnikẹ́ni tí òkú kú fún lọ́dún yẹn. N kì í lo àkókò lórí irú èyí. Ẹni tó rú òfin tó ṣe, kì í ṣe pé kò mọ̀. Kò gbà á gbọ́ ni.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ìyà tí wọ́n fi jẹni lórúkọ òfin. Ní àárín oṣù kẹrin 2020, Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti orílẹ̀-èdè wa sọ pé àwọn agbófinró ti pa ènìyàn 18 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń fipá mú kónílé-ó-gbélé. Iye tí Kòrónà fúnra rẹ̀ tíì pa ní Nàìjíríà nígbà yẹn jẹ́ 12. Kò sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kankan tí ẹnikẹ́ni ń dúró dè kó tó mọ̀ pé a kì í yìnbọn fún ẹni tó jáde wá oúnjẹ. Ìwé irú èyí kò nílò apá ọ̀tún.

Ó tún yẹ kí ẹ máa ṣe ìṣirò fúnra yín kí ẹ tó bá ariwo lọ. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí ìṣirò ni wọ́n fi mí ṣe nínú ẹgbẹ́. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àwọn ọmọ iléèwé: iléèwé tì, síbẹ̀ Mínísítà Sadiya Umar Farouq ní àwọn ná ju mílíọ̀nù 523 náírà lọ láti bọ́ wọn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, wọ́n bọ́ àga àti tábìlì ni? Ní oṣù kẹjọ 2020, ó ṣàlàyé pé ilé àwọn ọmọ náà ni wọ́n gbé oúnjẹ fún, ní Àbújá, Èkó àti Ògùn: ìrẹsì, ẹ̀wà, òróró, epo, iyọ̀, tòmátò alágolo àti ẹyin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àpapọ̀ 4,200 náírà fún ilé kan, ilé 124,589. Mo mú fóònù, mo sọ ọ́ di púpọ̀: 523,273,800 náírà. Kò ṣẹ́ kù, kò lé.

Àwọn kan nínú ìpàdé bínú sí mi, wọ́n ní mo ti di agbẹnusọ ìjọba. Ẹ fara balẹ̀. Ìṣirò tó pé fi hàn pé wọn kò sọ pé àwọn bọ́ kíláàsì òfìfo. Kò fi hàn pé ẹyin kan dé ilé kankan. Nínú ìwé ẹgbẹ́ tiwa náà, iye lè pé kí owó má sí nínú àpótí. Ohun tó yẹ ká bèèrè lọ́wọ́ wọn ni orúkọ àdúgbò, ọjọ́ tí wọ́n pín in, àti ìwé tí àwọn tó gbà á fọwọ́ sí. Ẹ̀fẹ̀ tí a ń ṣe kò jẹ́ ká bèèrè rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí, ọ̀rọ̀ náà sì bá ẹ̀rín lọ.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ fẹ́ dá lẹ́bi sọ tẹnu ẹ̀, kódà tí ẹ bá ní láti lọ wá a kà. Ní 22 oṣù kejìlá 2021, wọ́n da abẹ́rẹ́ àjẹsára 1,066,214 nù ní Àbújá nítorí pé ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀. Àkọ́gbọ́ ẹ̀ bí mi nínú púpọ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ìyókù, mo rí i pé àwọn orílẹ̀-èdè olówó ló tọ́jú u sọ́dọ̀ títí tó fi ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó bàjẹ́, kí wọ́n tó fi ta wá lọ́rẹ. Àwọn tiwa lè fi pamọ́, kí wọ́n gún un fún wa bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Wọ́n pe àwọn oníròyìn, wọ́n dà á nù lójú gbogbo ènìyàn. Ìyẹn tèmi, mo ti foríjì, mo tilẹ̀ fi kún un pé wọ́n ṣeun.

Ti ilé ìkẹ́rùsí Ẹdẹ ló le. Ní 23 oṣù kẹwàá 2020, lásìkò wàhálà EndSARS, ará ìlú já ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n kó oúnjẹ CACOVID sí, wọ́n sì kó o lọ. Ọ̀kan nínú wa rí obìnrin kan tó gbé àpò ìrẹsì sórí ọ̀kadà, orúkọ CACOVID hàn lára ẹ̀ gàdàgbà, ó fi ìborùn bo apá kan rẹ̀ bí ẹni pé ìyẹn máa fi pamọ́. Ẹjọ́ tí àwọn gómìnà rò ni pé ẹrù náà kò dé lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ń tọ́jú díẹ̀ de ìgbì kejì àrùn náà. Àwọn CACOVID fúnra wọn gbà pé oúnjẹ náà pọ̀ débi pé ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i kó jọ. Mo gba ìyẹn rò. Ọlọ́jà ni mí, mo mọ̀ pé a kì í kó gbogbo ọjà síta lọ́jọ́ kan. Ìfipamọ́ ṣeé foríjì. Ìpínlẹ̀ tí kò bá sọ fún ará ìlú pé nǹkan wà, iye tó wà, àti ọjọ́ tó máa jáde, nígbà tí ebi ń pa wọ́n, ibẹ̀ ni àánú mi ti máa ń tán.

Ní ìparí, ẹ yí ìwé náà padà, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó jẹ ìyà ọ̀ràn náà sẹ́yìn rẹ̀. Òun ló ni ìdáríjì, kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé. Mo ti ka gbogbo àlàyé mi tán nínú ìpàdé kan, mo rò pé a ti yanjú ẹ̀, ni ìyá kan tó ń ta ata ní Ọjà Ọba bá gbé ojú sókè.

“O káre, akọ̀wé. Ìwọ foríji tìẹ. Jẹ́ kí tèmi ṣì wà lọ́wọ́ mi ná.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, Mà.” N kò rí nǹkan mìíràn sọ, mo sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà níbẹ̀.

Àwọn ìwé wọ̀nyí kì í ṣe fún àpótí. Nígbà tí àwọn olóṣèlú bá tún wọ ọjà wa wá tọrọ ìbò, ẹ mú èyí tí ẹ kọ pé kò ṣeé foríjì jáde, kí ẹ sọ ọ́ di ìbéèrè tó ní orúkọ àti ọjọ́ nínú. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé wọ́n máa ṣe dáadáa. Ẹ bi wọ́n pé: bí àrùn mìíràn bá dé, tí ọjà tì, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí máa wà, ibo ni wọ́n máa lẹ iye tó wà nínú rẹ̀ mọ́ tí gbogbo wa lè rí i, ọjọ́ wo sì ni àpò àkọ́kọ́ máa jáde? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ níwájú wọn, kí ẹ sì fi ọjọ́ sí i.